Ta Ló Jẹ Ẹ́? Ọ̀rọ̀ Tó Ń Parí Sí "Gate" Kò Gbọdọ̀ Bo Olè Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, àmọ́ ẹnu nìkan ló ti kéré, kò kéré nínú. Láti bí ọdún mélòó kan, bí a bá ti tan rédíò, yálà ti Kútọnú, ti Lomé tàbí ti Èkó, a máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ kan tó ní ìrù kan náà. Wọ́n á ní "Pétrolegate". Wọ́n á ní "Dasukigate". Wọ́n á ní "Dieselgate", "Cashgate", "Partygate". Orí ọ̀rọ̀ ń yí padà, ìrù rẹ̀ kì í yí padà: "gate", èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní géètì.

Ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Àjàṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ẹnu ọ̀nà ilé ẹnìkan ni wọ́n ń sọ. Àgbẹ̀ tó wà lóko ní Kétu lè rò pé orúkọ ọkọ̀ tuntun ni. Àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ni kò sọ ọ́ tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́pọ̀ ìgbà, owó ìyá yìí àti owó àgbẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń sọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà: owó orí, owó ọjà, owó epo, owó omi. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí lónìí, kí a tú u palẹ̀, kí a sì sọ ohun tí a rò nípa rẹ̀.

Ilé ni ìrù yìí ti wá

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ti eléyìí tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé lóòótọ́. Ní ìlú Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Watergate. Bí a bá tú orúkọ náà, "ẹnu ọ̀nà omi" ni. Inú ilé yìí ni ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat, tó ń bá ẹgbẹ́ ààrẹ ìgbà náà, Richard Nixon, du ipò, ní ọ́fíìsì sí.

Ní òru ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1972, ọlọ́dẹ kan tó ń ṣọ́ ilé náà, Frank Wills lorúkọ rẹ̀, rí i pé ẹnìkan ti lẹ téèpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan kí ó má baà lè tì. Ó já a kúrò. Nígbà tó padà débẹ̀, ó rí i pé wọ́n tún ti lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ó pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, wọ́n sì mú ọkùnrin márùn-ún nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ dà bí olè jíjà lásán dé orí àwọn tó ń bá ààrẹ ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ó dé orí ààrẹ fúnra rẹ̀, nítorí pé ó wà lára àwọn tó ń wá bí wọn yóò ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1974, Nixon fi ipò sílẹ̀. Kò sí ààrẹ Amẹ́ríkà kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sì tíì sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ìtàn yìí, "gate" kò túmọ̀ sí olè, kò túmọ̀ sí ẹ̀tàn, kò túmọ̀ sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Orúkọ ilé ni. Bó bá jẹ́ pé ilé mìíràn ni wọ́n lọ fọ́ lóru ọjọ́ yẹn, ìrù mìíràn ni à bá máa gbọ́ lórí rédíò lónìí.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn akọ̀ròyìn gé ìrù orúkọ ilé yìí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni William Safire, tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn New York Times. Ọkùnrin yìí ti wà lára àwọn tó ń bá Nixon kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún aráàlú. Àwọn kan sì ti sọ pé bó ṣe ń lẹ ìrù yìí mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá àti ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ńṣe ló ń mú kí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ dà bí ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Ohun tó wù kó wà lọ́kàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí: bí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo nǹkan, a kì í mọ èyí tó wúwo mọ́.

Ìrù kan, ẹ̀ṣẹ̀ oríṣiríṣi

Ẹ jẹ́ kí a wo díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ti fi ìrù yìí pè.

Ní Màláwì, ní ọdún 2013, àyẹ̀wò fi hàn pé owó ìjọba tó lé ní 30 mílíọ̀nù dọ́là ti di àwátì láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà ní "Cashgate". Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ran Màláwì lọ́wọ́ dá owó dúró, ó sì nira fún ìjọba láti gbọ́ bùkátà ìlú.

Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n fi owó ìlú tún ilé ààrẹ ìgbà náà, Jacob Zuma, ṣe ní ìlú rẹ̀, Nkandla. Owó náà tó 246 mílíọ̀nù rand. Wọ́n ní ààbò ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ọgbà màlúù, ilé adìyẹ àti adágún ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹnu kun àwọn aláṣẹ, wọ́n ní adágún náà kì í ṣe ti ìwẹ̀, pé omi tí wọn yóò fi pa iná bí iná bá ṣẹ́ yọ ni. "Nkandlagate" ni ìwé ìròyìn pè é. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní orílẹ̀-èdè náà sọ pé kí ààrẹ san nínú owó náà padà, ó sì san 7.8 mílíọ̀nù rand.

Ní Jámánì, ní ọdún 2015, àṣírí tú pé iléeṣẹ́ Volkswagen ti fi ètò kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ tó ń lo díísù, èyí tó ń mọ ìgbà tí wọ́n bá ń yẹ ọkọ̀ wò. Bí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, èéfín rẹ̀ á dínkù. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí títì, èéfín burúkú á tún máa jáde. Ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 11 ni ọ̀rọ̀ náà kàn kárí ayé. Ìyẹn ni "Dieselgate". Àwa tí ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù ń gba èbúté wa ní Kútọnú wọlé lójoojúmọ́, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ẹ̀tàn ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ?

Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, "Dasukigate" gba ẹnu kan láti ọdún 2015. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n fi ra ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun tó ń bá Boko Haram jà ni ìjọba ní wọ́n ti pín fún àwọn olóṣèlú. Ìjọba sọ̀rọ̀ bílíọ̀nù méjì dọ́là ó lé. Ọ̀gágun tó fẹ̀yìn tì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà ní òun kò jẹ̀bi, ẹjọ́ rẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Tógò, ní ọdún 2020, ìwé ìròyìn kan ní Lomé, L'Alternative, kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń ra epo wọ orílẹ̀-èdè náà, ó sì ní owó ńláńlá ti sọnù níbẹ̀. Wọ́n pè é ní "Pétrolegate". Ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ gbé ìwé ìròyìn náà lọ sílé ẹjọ́, ó ní wọ́n bà òun lórúkọ jẹ́, ilé ẹjọ́ sì ní kí ìwé ìròyìn náà san owó ìtanràn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "Partygate" ni wọ́n pe àpèjẹ tí àwọn aláṣẹ ṣe nígbà tí òfin àrùn kòrónà kò gba aráàlú láyè láti péjọ. Ní ọdún 2022, olórí ìjọba wọn, Boris Johnson, san owó ìtanràn 50 pọ́ùn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2015, ariwo ńlá ta lórí bóyá àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ dín afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù kù kí ó lè rọrùn fún wọn láti jù. Wọ́n pe ìyẹn náà ní "Deflategate".

Ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù, àpèjẹ, owó ohun ìjà tí ọmọ ogun ń retí lójú ogun, owó epo gbogbo orílẹ̀-èdè: orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ìyẹn kò dára.

Ohun tí ìrù yìí ń fi pamọ́

A kò ní purọ́ mọ́ ọ. Ìrù "gate" ní àǹfààní tirẹ̀. Ó kúrú, kò sì ṣòro láti rántí. Ìwé ìròyìn tó bá fi sí àkọlé rẹ̀, èèyàn á dúró wò ó. Ọ̀pọ̀ àwọn akọ̀ròyìn tó lò ó ni wọ́n ti fi ẹ̀mí wọn wewu kí àṣírí lè tú. A kí wọn.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó ń fi pamọ́ fún irú àwa tí a kì í gbé èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì sùn.

Èkíní, ó ń fi ohun tí wọ́n mú pamọ́. Ẹni tó bá gbọ́ "Cashgate" kò lè mọ̀ pé owó tó yẹ kó di oògùn ní ilé ìwòsàn àti ìwé ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀.

Èkejì, ó ń fi ẹni tó mú un pamọ́. "Gate" kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, kò ní ẹnu. Orúkọ ilé ni, orúkọ ìlú ni, orúkọ ohun kan ni. Nkandla kò jalè. Epo kò jalè. Èèyàn ló ń jalè.

Ẹ̀kẹta, ó ń dá ẹjọ́ kí ilé ẹjọ́ tó jókòó. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ ẹnìkan síwájú "gate", ó ti parí fún un. Bó bá jẹ̀bi, a ò tíì gbọ́ ẹ̀rí. Bí kò bá jẹ̀bi, ìrù náà á tẹ̀lé e dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn baba wa ní, a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Èdè wa ní ìrù tirẹ̀

Ní ti èdè Yorùbá, kò sábà lẹ nǹkan mọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Orí ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. A ní "oní": a fi síwájú búrẹ́dì, ó di oníbúrẹ́dì. A fi síwájú epo, ó di elépo. A fi síwájú ata, ó di aláta. Nígbà tí ọ̀kadà dé ìgboro Nàìjíríà, wọn ò pe ìpàdé kankan kí ẹni tó ń wà á tó di ọlọ́kadà. Bí èdè tó wà láàyè ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tuntun dé, a wọ̀ ọ́ láṣọ tí gbogbo ìlú mọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń bá ní ìdí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa, pàápàá bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "jẹ". Ẹni tó bá yí òṣùwọ̀n gàrí po, ó rẹ́ ẹni jẹ: ìrẹ́jẹ. Ẹni tó bá pín nǹkan tí kò dọ́gba, ó yan ẹni jẹ: ìyànjẹ. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ohun ọlọ́hun, ó tan ẹni jẹ: ìtànjẹ. Ẹni tí wọ́n bá fi owó àjọ pamọ́ sí lọ́wọ́, tí a kò rí owó mọ́, ó kó owó jẹ: ìkówójẹ. Àwọn ará Nàìjíríà tún ní "jẹgúdújẹrá", èyí tí "jẹ" wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ẹnu kan kò tó.

Àwọn olùkọ́ èdè á sọ pé "jẹ" kì í ṣe àfòmọ́ bíi "gate", pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ìṣe ń wá olùṣe. Bí o bá sọ pé "Pétrolegate", gbólóhùn rẹ ti parí, o lè pa rédíò. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ pé "owó epo, wọ́n ní àwọn kan kó o jẹ", ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jókòó tì ọ́ á bi ọ́ pé: "Ta ló jẹ ẹ́? Èló ni? Ṣé wọ́n ti dá a padà?" Ọ̀rọ̀ tó ń bí ìbéèrè báyìí ni olè kì í fẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí àwa tí à ń sọ Yorùbá má ṣe gbé ìrù "gate" wọ inú èdè wa lódindi. Kì í ṣe nítorí pé ó wá láti òkè òkun. Búrẹ́dì àti rédíò náà, òkè òkun ni wọ́n ti wá, a sì ń lò wọ́n. A kọ̀ ọ́ nítorí pé èyí tí a ní ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa wí náà

A gbọ́dọ̀ sọ òdì kejì ọ̀rọ̀ náà, torí pé ọ̀bẹ olójú méjì ni "jẹ". Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni a ń lò fún oúnjẹ, tí a ń lò fún oyè, tí a ń lò fún ayé. Ó jẹun. Ó jẹ oyè. Ó ń jẹ ayé orí rẹ̀. Nítorí náà, àwọn kan láàárín wa ti sọ olè di oúnjẹ. Bí ọmọ ìlú wọn bá dé ipò, wọ́n á ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Bó bá kó owó ìlú lọ kọ́ ilé alájà mẹ́ta, wọ́n á ní "ṣebí ọmọ wa ni, ó ti jẹ tirẹ̀". Bó bá jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn ló ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé olè ni.

Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó sì jẹ èrè rẹ̀, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ìyá tó ra aṣọ ní Kútọnú, tó tà á ní Sábẹ, tó jẹ èrè orí rẹ̀, òógùn rẹ̀ ló jẹ. Ẹni tó kó owó kànga abúlé jẹ kò jẹ òógùn tirẹ̀. Òùngbẹ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ló jẹ. Kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wọ ara wọn. Bí a bá pe èkejì ní orúkọ èkíní, àwa fúnra wa ti di alábòòsí, kò sí ohun tí a lè fi bú àwọn tó ń sọ "gate".

Ọ̀rọ̀ tó dé ilé wa

Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni èyí, ẹ jẹ́ kí a rán an létí nǹkan méjì tó ṣẹlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ níbí.

Ní ọdún 2010, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ICC Services, tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn, tó sì ń ṣèlérí èlé tí báńkì kankan kò lè san, dojú dé. Ó lé ní 100 bílíọ̀nù CFA tí àwọn èèyàn ti kó fún un. Àwọn oníṣòwò, àwọn olùkọ́, àwọn àgbẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ wọn ló kó gbogbo ohun tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Ìwé ìròyìn pè é ní "affaire ICC Services". "Affaire" náà, ọmọ ìyá "gate" ni. Ọ̀rọ̀ ni ó túmọ̀ sí, ẹjọ́ ni ó túmọ̀ sí. Kò sọ pé wọ́n fi èlé tan èèyàn jẹ. Bí a bá ti ń pè é ní ìtànjẹ èlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí irú rẹ̀ bá tún wá bá lọ́jà lónìí, pẹ̀lú fóònù dípò ọ́fíìsì, tètè dá a mọ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bí a bá sọ fún ará yòókù pé kòtò ni.

Ní ọdún 2015, orílẹ̀-èdè Hóláńdì dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dúró, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò fi hàn pé owó ètò omi mímu kan kò sí níbi tó yẹ kó wà. "Affaire PPEA 2" ni orúkọ tó gbà lórí rédíò. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà kan! Ta ni nínú wa tó máa gbọ́ PPEA tí yóò rántí ìyàwó tó ń rìn lọ sódò láàárọ̀ kùtùkùtù pẹ̀lú agbada lórí? Owó omi ni. Bí wọ́n bá pè é ní owó omi, gbogbo abúlé ni yóò gbọ́, gbogbo abúlé ni yóò sì bèèrè.

Láti ọdún 2018, ilé ẹjọ́ àkànṣe kan wà ní Àjàṣẹ́, CRIET, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó ìlú àti ti ìpániláyà. Nítòsí wa ni ilé ẹjọ́ náà wà, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Faransé ni wọ́n fi ń ṣẹjọ́ níbẹ̀. Wọ́n á ní "détournement", wọ́n á ní "malversation". Àwọn ará wa tó ń ka ìròyìn ní Yorùbá lórí rédíò máa ń fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, torí pé àyè kò sí àti pé iṣẹ́ pọ̀. A kò bá wọn jà, iṣẹ́ kan náà ni à ń ṣe. À ń bẹ̀ wọ́n ni. Ẹ sọ pé wọ́n fẹ̀sùn kan ẹni báyìí pé ó kó owó báyìí jẹ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló máa gbà.

Ohun tí àwa yóò máa ṣe

Kí ẹ má baà sọ pé ẹlòmíràn nìkan là ń kọ́, a sọ ọ́ níwájú yín lónìí pé bí ọ̀rọ̀ owó ìlú bá dé ojú ewé yìí, ohun mẹ́rin ni ẹ ó máa rí níbẹ̀. A ó sọ ohun tí owó náà wà fún: omi, ọ̀nà, ilé ìwé, epo. A ó sọ iye rẹ̀ bí a bá mọ̀ ọ́n. A ó sọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, a ó sì sọ ohun tí òun náà fi fèsì. A ó sọ ibi tí ẹjọ́ dé. Kí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi, a kò ní pè é ní olè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì dá a lẹ́bi, a kò ní wá orúkọ dídùn fún un. Bí ẹ bá rí i pé a kọ "gate" láìtú u, ẹ bá wa wí.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Kọmúùnù 77 ló wà ní Bẹ̀nẹ̀, ìpàdé sì wà tí ó yẹ kí mẹ́rì pe aráàlú sí láti jíhìn owó. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èdè lé yín sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá." Ìyá tó ń ṣe olórí àjọ ní ọjà mọ bí a ṣe ń bèèrè: èló ló wọlé, ta ló gbà á, kí ni wọ́n fi ṣe, èló ló kù. Ìbéèrè mẹ́rin yìí kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo àjọ èèyàn ogún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dáàbò bo owó orílẹ̀-èdè.

Àwa ará Kétu kò ṣàì mọ ohun tí ẹnu ọ̀nà wà fún. Àkàbà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, àlejò ń lọ wò ó. Àwọn baba wa kò kọ́ ọ fún ẹwà. Wọ́n kọ́ ọ kí ẹni tó ń bọ̀ lè dúró, kí wọ́n bi í pé ta ni, níbo lo ti ń bọ̀, kí lo gbé lọ́wọ́. Ọlọ́dẹ tó wà ní Watergate lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, nǹkan kan náà ló ṣe. Ó rí téèpù lára ìlẹ̀kùn, kò ní "kò kàn mí". Ìyẹn ló yẹ kí ayé jogún nínú ìtàn náà, kì í ṣe ìrù orúkọ ilé.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ "gate" lórí rédíò lọ́la, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ṣe yí i sí orin. Ẹ yíjú sí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ bèèrè pé: kí ni wọ́n jẹ, ta ló jẹ ẹ́, ìgbà wo ni yóò dá a padà?